Ẹ̀rọ ìṣègùn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ìwòsàn: bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ọrùn ta ni ẹ̀bi yóò wà?

Ní oṣù Keje ọdún 2019, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn Springhill ní ìlú Mobile, ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti fáìlì ibẹ̀ pa. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà kò fi ṣiṣẹ́. Láàárín àsìkò yẹn ni obìnrin kan wá bímọ níbẹ̀. Okùn ìwọ́ ti wé mọ́ ọmọ náà lọ́rùn, ọpọlọ rẹ̀ fara gbá a gan-an, ó sì kú lẹ́yìn oṣù mẹ́sàn-án. Ìyá rẹ̀ gbé ilé ìwòsàn náà lọ sí kóòtù. Ẹ̀sùn rẹ̀ kì í ṣe pé ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ bí ọkàn ọmọ inú ṣe ń lù bàjẹ́. Ẹ̀rọ yẹn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ohun tó ní kò sí mọ́ ni àwòrán rẹ̀ tó yẹ kó máa hàn lójú kọ̀ǹpútà níbi táwọn nọ́ọ̀sì máa ń jókòó sí, níbi tí ojú púpọ̀ ti lè rí i lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹnì kan á sì tètè pariwo pé nǹkan ti ń yí padà. Ilé ìwòsàn náà ní àwọn kò jẹ̀bi.

Mo fi ẹjọ́ yìí ṣíwájú nítorí pé ó fi ìṣòro tí mo fẹ́ ṣàlàyé hàn kedere. Nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ lè sọ pé tàwọn kò bàjẹ́. Àwọn tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà lè sọ pé àwọn kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣègùn kankan rí. Àwọn nọ́ọ̀sì lè sọ pé ojú kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kọ́ àwọn níṣẹ́ ló ṣú. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn máa sọ òótọ́. Ohun tó já ni èyí tó wà láàárín wọn, ìyẹn ìsopọ̀ náà fúnra rẹ̀, ìbéèrè tó sì ń kó àwọn lọ́yà sí wàhálà ni pé ta ló ni ín.

Nígbà kan, kò sí ìbéèrè yìí. Ẹ̀rọ tó ń wọn oògùn sínú iṣan máa ń dá dúró lẹ́bàá ibùsùn, nọ́ọ̀sì á sì tẹ nọ́ńbà sí i. Bó bá wọn oògùn ju bó ṣe yẹ lọ, yálà ẹ̀rọ náà ní àléébù tàbí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ṣì í tẹ̀. Lónìí, ẹ̀rọ yẹn ń gba orúkọ oògùn àti òṣùwọ̀n wọn láti orí kọ̀ǹpútà àwọn apòògùn. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọkàn ń ta nọ́ọ̀sì lólobó lórí fóònù. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń fi èsì ránṣẹ́ tààrà sínú fáìlì aláìsàn láìsí pé ẹnikẹ́ni fi bírò kọ ọ́. Láàárín wọn, sọ́fítíwíà kékeré kan ń ṣe ògbufọ̀, ó ń túmọ̀ èdè ẹ̀rọ kan fún èkejì. Ká ní ògbufọ̀ yìí so èsì ẹ̀jẹ̀ ẹnì kan mọ́ orúkọ ẹlòmíràn. Ẹ̀rọ àyẹ̀wò kò ṣìṣe. Kọ̀ǹpútà tó gba èsì kò ṣìṣe. Dókítà tó kọ oògùn lórí ohun tó rí náà kò ṣìṣe. Síbẹ̀ aláìsàn ti gba oògùn tí kì í ṣe tirẹ̀.

Oko kì í jẹ́ ti bàbá àti ti ọmọ kó má ní ààlà, àmọ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ti dáko pọ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ mẹ́wàá, ogún, láìpa ààlà kankan. Ìdí nìyí tí ìlànà àgbáyé kan tí wọ́n ń pè ní IEC 80001-1 fi jáde ní ọdún 2010, tí wọ́n sì tún un kọ ní 2021. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ẹni tó ṣe ẹ̀rọ kò lè mọ irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n máa so ó mọ́, nítorí náà ilé ìwòsàn tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gbọ́dọ̀ dìde ṣàkóso ewu tó bá tibẹ̀ yọ. Ẹ̀dà ti 2010 ní kí àwọn ọ̀gá ibẹ̀ yan ẹnì kan pàtó fún iṣẹ́ yìí. Nǹkan mẹ́ta ló ní kí wọ́n máa ṣọ́: ààbò ẹ̀mí aláìsàn, bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ rà á, àti ààbò dátà. Kì í ṣe òfin, kò sì pọn dandan kí ilé ìwòsàn tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n lọ́yà tó bá ń gbẹjọ́ rò fún ẹni tó farapa lè gbé e síwájú adájọ́, kó béèrè pé: láti 2010 làwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ti mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe, kí ni ẹ̀yin ṣe?

Ọ̀nà méjì tí ẹjọ́ ń gbà

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ti ọjà tó ní àléébù. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, ẹni tí ọjà ṣe léṣe kò ní láti fi hàn pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe é jáfara. Tó bá ti fi hàn pé ọjà náà ní àléébù, pé òun farapa, pé àléébù yẹn ló sì fa ìfarapa, ó ti tó. Ọ̀nà kejì ni ti àìbìkítà: ṣé ilé ìwòsàn yìí ṣe ohun tí ilé ìwòsàn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ì bá ṣe? Àwọn kóòtù Amẹ́ríkà sábà máa ń ka ilé ìwòsàn sí ẹni tó ń tọ́jú èèyàn, wọn kì í kà á sí òǹtajà. Ọ̀nà kejì yìí ni wọ́n sì fi ń mú un.

Ohun kan wà níbí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Ní ọdún 2008, nínú ẹjọ́ kan tó kan Medtronic, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìṣègùn, adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà fẹnu kò pé bí FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, bá ti yẹ ẹ̀rọ kan wò fínnífínní ní ọ̀nà tó le jù kó tó fọwọ́ sí i, èèyàn kò lè tún fi òfin ìpínlẹ̀ pe ẹni tó ṣe é lẹ́jọ́ pé kò ṣe é dáadáa tó, àfi tí ilé-iṣẹ́ náà bá rú ìlànà FDA gan-an. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ló wà lábẹ́ ibòji yìí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń wọn oògùn àti èyí tó ń ṣọ́ ọkàn ló gba ọ̀nà tó rọrùn jù wọlé, ìyẹn nípa fífi wọ́n wé ẹ̀rọ tó ti wà lọ́jà tẹ́lẹ̀, ìdájọ́ ọdún 1996 kò sì fún irú wọn ní ààbò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí òfin bá ti bo ẹni tó ṣe ẹ̀rọ, ilé ìwòsàn nìkan ló kù níta tí aláìsàn lè dì mú.

“Wọ́n ní ká má fọwọ́ kàn án”

Ẹni tó bá ti bá àwọn ẹnjiníà tó ń tún ẹ̀rọ ìṣègùn ṣe jókòó rí yóò ti gbọ́ ọ rí pé: “A kò lè ṣe àtúnṣe sí sọ́fítíwíà inú rẹ̀, FDA kò gbà.” Wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ó wà nínú òfin. Kò sí níbẹ̀. Láti oṣù Kìíní ọdún 2005 ni FDA ti kọ̀wé pé ojúṣe ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ni láti máa dí ihò ààbò inú sọ́fítíwíà rẹ̀, àti pé èyí tó pọ̀ jù nínú irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ kò nílò kí wọ́n tún wá gbàṣẹ lọ́wọ́ àjọ náà kí wọ́n tó ṣe é. Wọ́n tún ọ̀rọ̀ yìí sọ nínú ìwé mìíràn ní oṣù Kejìlá ọdún 2016.

Apá kan wà tó jẹ́ òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ àwọn ẹnjiníà náà, kò sì yẹ ká fojú fò ó. Kò dáa kí ilé ìwòsàn dá lọ fi àtúnṣe tí ilé-iṣẹ́ kò tíì dán wò sínú ẹ̀rọ tó ń gbé ẹ̀mí èèyàn ró. Àtúnṣe tó ṣe kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì lóore lè mú kí ẹ̀rọ ìṣègùn dákú láàárín iṣẹ́. Nítorí náà ilé ìwòsàn ń dúró de ilé-iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ ń fi falẹ̀, tàbí ó ń fẹ́ kí wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun, Windows àtijọ́ sì wà lórí ẹ̀rọ náà lójoojúmọ́ ayé. Àkókò ìdúró yìí gan-an ni ọ̀ràn máa ń bẹ́.

Ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 2017 ló hàn sójú gbogbo ayé. Kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry gba ihò kan nínú Windows wọlé. Láti oṣù Kẹta ọdún yẹn ni Microsoft ti fi àtúnṣe tó máa dí ihò náà síta. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ 80 nínú 236 tó ń ṣàkóso àwọn ilé ìwòsàn ìjọba, NHS, ló fara gbá a, ìròyìn ọ́fíìsì tó ń yẹ ìnáwó ìjọba wò sì sọ pé ẹ̀rọ àyẹ̀wò 1,220 ni kòkòrò náà wọ̀. Àwọn ilé ìwòsàn kan tún fọwọ́ ara wọn yọ ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ le kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó má baà kó o.

Ìgbà tí o mọ̀ ni kóòtù máa ń fẹ́ mọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2015, FDA gba àwọn ilé ìwòsàn níyànjú pé kí wọ́n dáwọ́ lílo ẹ̀rọ Symbiq dúró, ẹ̀rọ tó ń wọn oògùn tí ilé-iṣẹ́ Hospira ṣe, nítorí pé ẹni tó bá wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ìwòsàn lè yí ìwọ̀n oògùn tó ń fún aláìsàn padà láti òkèèrè. Wọn kò tíì gbọ́ pé ó ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ìkéde yẹn ti jáde, ilé ìwòsàn tó bá ń lò ó lọ kò lè dúró níwájú adájọ́ kó ní òun kò mọ̀.

Ohun tí mo máa ń fẹ́ kí àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn mọ̀ nìyí: bí o bá ń dúró de àtúnṣe, jẹ́ kí ìdúró rẹ ní àkọsílẹ̀. Kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà, fi ọjọ́ sí i, béèrè ìgbà tí àtúnṣe máa dé. Tí wọn kò bá dáhùn, tún un kọ. Kí o tó rí èsì, ya ẹ̀rọ náà sọ́tọ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó má lè bá kọ̀ǹpútà tí kò kàn án sọ̀rọ̀, kí o sì kọ èyí náà sílẹ̀. Mo ti rí i pé àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ tó dára gan-an ni kì í sábà kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n máa ń rò pé iṣẹ́ yóò sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ní kóòtù, bébà ló ń sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ilé ìwòsàn di aṣẹ̀rọ láìmọ̀

Ní oṣù Kejì ọdún 2011, FDA ṣe òfin kan lórí ohun èlò àti sọ́fítíwíà tó kàn ń gbé dátà láti ara ẹ̀rọ ìṣègùn lọ síbòmíràn, tó ń tọ́jú rẹ̀, tó ń yí èdè rẹ̀ padà tàbí tó ń fi í hàn. Wọ́n gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wá sí ìpele tó rọrùn jù lọ nínú ẹ̀rọ ìṣègùn, èyí tó dára. Ṣùgbọ́n nínú òfin yẹn kan náà, ilé ìwòsàn tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀, tàbí tó tún èyí tó rà ṣe débi tí iṣẹ́ rẹ̀ fi yí padà, ti di ẹni tó ṣe ẹ̀rọ, gbogbo ojúṣe aṣẹ̀rọ sì ti wà lọ́rùn rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà tó jókòó ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, tó kọ ìlà sọ́fítíwíà díẹ̀ kí dátà ìlù ọkàn lè máa wọ inú fáìlì aláìsàn fúnra rẹ̀, ti sọ ilé ìwòsàn rẹ̀ di aṣẹ̀rọ nígbà yẹn. Ní 2015 FDA ní àwọn kò ní fipá mú ẹnikẹ́ni mọ́ lórí rẹ̀, òfin ti oṣù Kejìlá ọdún 2016 sì yọ èyí tó bá jẹ́ sọ́fítíwíà lásán kúrò pátápátá.

Yúróòpù kò yọ ọ́. Òfin wọn lórí ẹ̀rọ ìṣègùn, 2017/745, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 26 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, ṣì sọ pé ẹni tó bá yí ẹ̀rọ tó ti wà lọ́jà padà lọ́nà tó kan bó ṣe bá òfin mu ti gba ojúṣe ẹni tó ṣe é. Òfin yìí kan náà ní kí àwọn aṣẹ̀rọ kọ ọ́ síta, irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti ààbò kọ̀ǹpútà tí ẹ̀rọ wọn nílò, ó kéré tán. Tí ilé ìwòsàn bá gba ìwé yẹn, tó sì so ẹ̀rọ mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kò tó bẹ́ẹ̀, àríyànjiyàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Fífi hàn pé ìsopọ̀ ló fà á

Ibi tó le jù fún ẹni tó pe ẹjọ́ ni láti fi hàn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó kú ló fa ikú tàbí ìfarapa. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020, kòkòrò tó ń ti fáìlì pa wọ ilé ìwòsàn yunifásítì ní Düsseldorf, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Obìnrin kan tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì ni wọ́n ní láti gbé lọ sí Wuppertal, nǹkan bí kìlómítà 30 síbẹ̀, ó sì kú. Àwọn agbẹjọ́rò ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìwádìí bóyá ọ̀ràn ìpànìyàn wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n ní àwọn kò lè fi hàn pé ìdádúró yẹn ló pa á, nítorí bí àìsàn rẹ̀ ti le tó, ó ṣeé ṣe kó kú náà ni ká ní wọ́n gbà á wọlé. Ìṣòro yìí ló ń dúró de gbogbo ẹjọ́ irú èyí, torí pé ara ẹni tó wà ní ilé ìwòsàn kò yá tẹ́lẹ̀.

Ti dátà kò rí bẹ́ẹ̀, kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá farapa. Ilé ìwòsàn Lahey ní ìpínlẹ̀ Massachusetts gbà láti san $850,000 fún ìjọba Amẹ́ríkà ní 2015 nítorí kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí olè gbé ní 2011 nínú yàrá tí wọn kò tì. Kọ̀ǹpútà yẹn ló ń darí ẹ̀rọ CT, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, tí wọ́n ń tì kiri, àkọsílẹ̀ aláìsàn 599 sì wà nínú rẹ̀. Ara ohun tí ìjọba rí ni pé wọn kò ṣe ìgbéléwọ̀n ewu tó jinlẹ̀ lórí gbogbo ibi tí dátà aláìsàn wà. 

Ohun tó yẹ kó wà nínú àdéhùn

Ìlànà IEC 80001-1 sọ̀rọ̀ nípa ìwé àdéhùn ojúṣe láàárín ilé ìwòsàn, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ àti àwọn tó ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lójú tèmi, ìwé yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Ta ni yóò fi ihò ààbò tuntun tó ilé ìwòsàn létí, láàárín ọjọ́ mélòó? Ta ni yóò dán àtúnṣe wò? Ilé-iṣẹ́ tó ń wọlé láti òkèèrè wá tún ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe, ta ni yóò ti ilẹ̀kùn yẹn lẹ́yìn rẹ̀? Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kú lóru, kí ni ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ lè dá ṣe, ta ni yóò sì kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní bí wọ́n á ṣe lò ó bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni wọ́n máa ń gbàgbé, òun gan-an sì ló wà nídìí ẹjọ́ Springhill.

Ẹ ka ojú ewé tó kẹ́yìn àdéhùn dáadáa. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé ilé ìwòsàn ló gba gbogbo ẹ̀bi tó bá ti ìsopọ̀ wá, tàbí pé owó tí àwọn lè san kò ní ju iye tí wọ́n fi ra sọ́fítíwíà lọ. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, àtúnṣe kan tó ní àṣìṣe láti ọ̀dọ̀ CrowdStrike, ilé-iṣẹ́ tó ń ta sọ́fítíwíà ààbò kọ̀ǹpútà, dá kọ̀ǹpútà Windows bíi mílíọ̀nù 8.5 dúró lágbàáyé, tó fi mọ́ ti àwọn ilé ìwòsàn. Kò sí olè, kò sí ọ̀daràn kankan nínú rẹ̀. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ń mọ ohun tó buwọ́ lù. Àdéhùn tó wà láàárín ilé ìwòsàn àti ilé-iṣẹ́ kò sì di aláìsàn lọ́wọ́: yóò pe gbogbo wọn lẹ́jọ́, àdéhùn yóò kàn sọ ẹni tó máa san owó gbà-máà-bínú padà fún ẹnì kejì ni.

Ẹ tún wo ìwé adójútòfò. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà fún jàǹbá orí kọ̀ǹpútà ló yọ ìfarapa èèyàn sílẹ̀, àwọn kan nínú èyí tó wà fún àṣìṣe dókítà sì yọ jàǹbá orí kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Aláìsàn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó kú ṣe léṣe lè bọ́ sáàárín méjèèjì.

Òfin tuntun, ẹ̀rọ àtijọ́

Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní òpin ọdún 2022 ti sọ ọ́ di dandan láti ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2023 pé ẹni tó bá fẹ́ ta ẹ̀rọ ìṣègùn tó ń so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ fi ètò tó ní fún àtúnṣe han FDA, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ gbogbo sọ́fítíwíà tó wà nínú rẹ̀. Ní Yúróòpù, òfin tuntun lórí ọjà tó ní àléébù, 2024/2853, ti ka sọ́fítíwíà mọ́ ọjà. Aṣẹ̀rọ kò lè fi ẹ̀bi jẹ ẹlòmíràn mọ́ bó bá jẹ́ pé àtúnṣe ààbò tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni kò ṣe, kò sì lè ní kí wọ́n dín ẹ̀bi òun kù nítorí pé ọ̀daràn kan ló gba ihò náà wọlé. Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà bá díjú jù fún ẹni tó farapa láti ṣàlàyé, kóòtù lè gbà pé àléébù wà títí aṣẹ̀rọ yóò fi hàn pé kò sí.

Ohun tí wọ́n bá gbé sọ́jà lẹ́yìn ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 2026 nìkan ni òfin Yúróòpù yìí kàn. Èyí tó wà ní wọ́ọ̀dù lónìí ṣì wà lábẹ́ òfin ọdún 1985, òfin yẹn sì sọ pé ẹ̀tọ́ láti pe aṣẹ̀rọ lẹ́jọ́ lórí àléébù ọjà rẹ̀ parí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá tí ọjà náà ti jáde. Ẹ̀rọ MRI, tí òun náà ń ya àwòrán inú ara, máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu iṣẹ́. Èyí tí wọ́n gbé sọ́jà ní 2012, tí Windows ìgbà yẹn ṣì wà nínú rẹ̀, ti bọ́ lọ́rùn ẹni tó ṣe é lábẹ́ òfin yẹn láti 2022, bẹ́ẹ̀ ó sì wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lálẹ́ òní. Ilé ìwòsàn tó so ó mọ́ ọn ló kù, pẹ̀lú ìwé yòówù tó bá wà nínú fáìlì rẹ̀.